AFẸ́FẸ́ TÍ GBOGBO WA JỌ Ń MÍ



Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n nínú Olúwa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin ọmọ Oòduà gbogbo tí ẹ fi Port Harcourt àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùgbé, àwọn àgbà wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Olúwa yóò mú olúkúlùkù wa délé pẹ̀lú ayọ̀ àti ìlera.

Orí pẹpẹ ni ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín ní òwúrọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní òpin ọdún 2016, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, ìyá tí ó ń tọ́jú aṣọ pẹpẹ ní ilé ìjọsìn wa wá bá wa ní kùtùkùtù. Ó ká aṣọ funfun náà sí apá, ojú rẹ̀ sì fàro. Ó ní, "Fàdá, ẹ má bínú sí mi. Mo fọ aṣọ yìí lánàá, mo lọ̀ ọ́, mo sì tẹ́ ẹ kí n tó ti ilẹ̀kùn. Ẹ wo bí ó ti rí lónìí." A wò ó. Lẹ́búlẹ́bú dúdú kan ti bà lé e láti etí dé etí. Bí a ti fi ìka kàn án, ìka wa dúdú bí ìka ẹni tí ó fọwọ́ ra ìdí ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé kan ṣoṣo ni ó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ní òru ọjọ́ náà.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú yìí nígbà náà ni ẹ lè jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe ilé ìjọsìn wa nìkan. Ẹni tí ó sá aṣọ síta kó o wọlé pẹ̀lú àbàwọ́n. Ọmọdé fọn ikun, ikun náà dúdú. Ẹni tí ó rìn nínú ilé láìwọ bàtà rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ti alágbẹ̀dẹ. Súùtù ni àwọn ará ìlú ń pè é. Láti ìgbà náà, ó ń dínkù nígbà òjò, ó sì ń padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ìyá aláṣọ pẹpẹ wa bi wá ní ìbéèrè kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà tí a kò tíì gbàgbé. Ó ní, "Fàdá, bí ó bá ṣe aṣọ báyìí, kí ni ó ń ṣe nínú wa?"

Ìbéèrè náà ni a fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn lónìí. Àlùfáà ni wá, a kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n a ti jókòó ti àwọn dókítà inú ìjọ wa, a sì ti ka díẹ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀. Ohun tí a rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí olùṣọ́-àgùntàn lè mọ̀ kí ó sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí Ẹlẹ́dàá ti dá wa. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ fún wa pé nígbà tí Ọlọ́run fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn, ènìyàn náà kò tíì di alààyè títí Ọlọ́run fi mí èémí ìyè sí ihò imú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èémí ni àmì pé a wà láàyè. Ẹni tí ara rẹ̀ le ń mí ní nǹkan bí ìgbà 20,000 láàárín ọ̀sán àti òru kan, ọkàn rẹ̀ a sì máa lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000. Oúnjẹ, a lè yàn án. Bí ọbẹ̀ bá kan, a ó dà á nù. Omi, a lè sè é, a sì lè ra èyí tí ó wà nínú ọ̀rá. Afẹ́fẹ́ nìkan ni a kò lè yàn. Èyí tí ó bá wà ní àdúgbò ni olówó àti tálákà, ọmọ ọwọ́ àti arúgbó, jọ ń fà símú.

Nínú èéfín, àwọn ègé kan wà tí ojú lè rí, àwọn mìíràn sì wà tí ojú kò lè rí. Èyí tí a rí lórí aṣọ pẹpẹ kọ́ ni ó léwu jù. Irun imú àti ikun a máa dá àwọn ègé ńlá dúró. A ó sín, a ó wúkọ́, wọn yóò sì jáde. Àwọn tí ó kéré jù lọ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún wọn ni PM2.5, nítorí pé bí a bá pín mìlímítà kan sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà, fífẹ̀ wọn kò ju ìpín méjì àti ààbọ̀ lọ. Bí a bá to nǹkan bí 30 nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀ tó ẹyọ irun orí kan. Irú èyí kò mọ ẹnu-ọ̀nà imú ní ìdènà. Ó ń bá èémí lọ títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóóró, níbi tí àwọn àpò kéékèèké ti ń fi afẹ́fẹ́ lé ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tí ó kéré jù nínú wọn tilẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá wọ inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ikọ́ nìkan ni èéfín ń fà. Bí a kò bá ti wúkọ́, a ó ní ara wa ti mọ́ ọn lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọkàn ni èéfín ń bá jà jù lọ. Bí àwọn ègé wọ̀nyí bá ti dé inú ara, ara a rí wọn bí ọ̀tá, a sì gbé ogun dìde sí wọn. Ogun tí ó bá ń jà lójoojúmọ́ láìsinmi, ìlú tí ó ń gbèjà rẹ̀ náà ni yóò bàjẹ́. Ògiri inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ó yẹ kí ó rọ̀ kí ó sì máa dán, a bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọ̀rá a lẹ̀ mọ́ ọn lára, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ a sì fún. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a ga sókè. Ẹ̀jẹ̀ a máa yára dì níbi tí kò yẹ kí ó dì. Bí ẹ̀jẹ̀ tí ó dì bá dí ọ̀nà ọkàn, ọkàn a dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Bí ó bá dí ọ̀nà ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ American Heart Association ti kìlọ̀ nípa èyí ní ọdún 2004, nígbà tí ó sì di ọdún 2010, wọ́n sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé irú eruku kéékèèké yìí wà lára ohun tí ń fa àrùn ọkàn àti ikú.

Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé, tí í ṣe WHO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 7 ènìyàn ni afẹ́fẹ́ búburú ń gé ẹ̀mí wọn kúrú ní ọdún kọ̀ọ̀kan, bí a bá ka ti ìta pọ̀ mọ́ ti inú ilé. Nínú àwọn tí afẹ́fẹ́ ìta pa, ó lé ní ìdajì tí ó jẹ́ pé àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ni ó mú wọn lọ. Ní ọdún 2021, Àjọ náà tún òfin ìwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó ní eruku PM2.5 inú afẹ́fẹ́ kò yẹ kí ó ju máíkrógíráàmù 5 lọ nínú kúbíìkì mítà kan, bí a bá pín ti gbogbo ọdún dọ́gba. 10 ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó sì fi kún un pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn láyé, 99 ni ó ń mí afẹ́fẹ́ tí ó kọjá ìwọ̀n náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ karùn-ún sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú dàpọ̀ mọ́ kùrukùru, ó sì bo ìlú London mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ kò fi rí iwájú. Nǹkan bí 4,000 òkú ni wọ́n kọ́kọ́ kà sí i lọ́rùn. Ìṣírò tí àwọn onímọ̀ ṣe lẹ́yìn náà gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò kàn sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ní ọdún 1956, wọ́n ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́, wọ́n fi òté lé irú ohun tí a lè dáná sun ní àárín ìlú, afẹ́fẹ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá dá sílẹ̀, ọwọ́ ènìyàn lè tún un ṣe.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ ogbó. Kò sí àdúrà tí Yorùbá fẹ́ràn tó "Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́." Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó, àti nígbà tí a bá ń dágbére fún ẹni tí ń padà sí àjò, òun ni a ń gbà. Ogbó tí a ń tọrọ yìí ní ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ara. Àìmọye sẹ́ẹ̀lì ni Ọlọ́run fi kọ́ ara wa. Nínú wọn ni okùn tín-ín-rín 46 wà, tí a ń pè ní krómósómù, tí Ẹlẹ́dàá kọ ìlànà ara sí. Ní ìpẹ̀kun okùn kọ̀ọ̀kan ni ohun kan wà tí ń dáàbò bo etí rẹ̀. Telomere ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ mọ aṣọ òfì yóò tètè yé. Bí a bá gé aṣọ tí a kò ṣẹ́ etí rẹ̀, òwú yóò máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí aṣọ yóò fi tú. Ìṣẹ́tí aṣọ ni telomere jẹ́ fún okùn ìyè wa. Nígbàkúùgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín sí méjì láti rọ́pò èyí tí ó gbó, ìṣẹ́tí náà ń dínkù díẹ̀. Bí ó bá wá kúrú jù, sẹ́ẹ̀lì kò ní lè pín mọ́. Yóò di arúgbó, tàbí kí ó kú. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Elizabeth Blackburn, Carol Greider àti Jack Szostak, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009 nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí sẹ́ẹ̀lì gbó kì í ṣe ohun burúkú. Bí Olúwa ti ṣètò ọjọ́ wa ni. Ohun tí ó burú ni kí ìṣẹ́tí tán nígbà tí ọjọ́ kò tíì pé. Ogun tí a sọ pé èéfín ń dá sílẹ̀ nínú ara wà lára ohun tí ń jẹ ìṣẹ́tí náà. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí ní ìlú Milan ní ilẹ̀ Ítálì gbé àbájáde kan jáde. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọlọ́pàá 77 tí ń darí ọkọ̀ lójú pópó wé ti àwọn òṣìṣẹ́ 57 tí ń jókòó nínú ọ́fíìsì. Telomere àwọn ará ojú pópó ni ó kúrú jù. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù yẹ ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àti ibi ọmọ wò lára àwọn ọmọ tuntun tí ó lé ní 600. Wọ́n rí i pé níbi tí ìyá bá ti mí eruku PM2.5 púpọ̀ nígbà oyún, telomere ọmọ rẹ̀ a máa kúrú ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ gbọ́, ọmọ tí kò tíì ké igbe kan láyé!

A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba aláboyún kankan. Àwọn onímọ̀ náà kò sọ pé ẹni tí telomere rẹ̀ kúrú ti gba ìdájọ́ ikú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn ohun méjì yìí ń rìn pọ̀. Ìyà, sìgá, àìsùn àti oúnjẹ pẹ̀lú ní ipa tiwọn. Ọlọ́run ni ó mọ iye ọjọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi ẹnu gbàdúrà "ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́" fún ọmọ, tí a sì ń fi ọwọ́ fẹ́ èéfín sí i nímú, àdúrà wa àti iṣẹ́ wa ń bá ara wọn jà.

Níbo ni èéfín yìí ti ń wá? Ní agbègbè wa níhìn-ín, gáàsì tí ilé-iṣẹ́ epo ń sun sínú afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Benin City dájọ́, nínú ẹjọ́ tí ará ìletò kan ní Ìpínlẹ̀ Delta pè, pé irú sísun gáàsì bẹ́ẹ̀ lòdì sí ẹ̀tọ́ ènìyàn láti wà láàyè. Ìdájọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n iná náà kò tíì kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tí ń se epo rọ̀bì nínú igbó láìgbàṣẹ, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní kpo-fire. Wọn a da epo sínú àgbá, wọn a sì fi iná ńlá sè é ní gbangba. Nígbà mìíràn, bí àwọn agbófinró bá gba irú epo bẹ́ẹ̀, wọn a tún dáná sun ún, èéfín yóò sì di ìlọ́po méjì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, iná sọ ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Ohaji-Egbema ní Ìpínlẹ̀ Imo, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Ẹ fi táyà tí a fi ń sun ewúrẹ́ kún un, ẹ fi ilẹ̀ tí a ń dáná sun ní ẹ̀yìnkùlé kún un, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ kún un.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó di dandan kí àwa fúnra wa jẹ́wọ́. Ní ọdún tí ó kọjá, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kan tí a ṣe lórí òfin karùn-ún, èyí tí ó kọ ìpànìyàn, ọkùnrin kan dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fún wa láyè láti sọ ọ́. Ó ní, "Fàdá, ẹ jọ̀wọ́ sà. Dísẹ́lì kpo-fire ni mo ń tà. Òun ni mo fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi mẹ́ta. Òun náà ni ó wà nínú jẹnẹrétọ̀ ilé ìjọsìn yìí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi nìkan ni?"

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. A wo akápò, akápò wo ilẹ̀. Òtítọ́ ni ọkùnrin náà sọ. A ti ń ra epo náà fún ìgbà pípẹ́ nítorí pé ó dínwó, a kò sì béèrè ibi tí ó ti wá, nítorí pé a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu páìpù jẹnẹrétọ̀ náà kọjú sí ilé alájọgbé wa, níbi tí ìyá arúgbó kan ń gbé. Àwa ń kọrin ìyìn nínú ilé, ẹnìkejì wa ń mí èéfín ìyìn wa. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní ọjọ́ náà, àwa ni a ń jẹ kòkòrò. Ẹni tí a rò pé a ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ni ó sọ fún wa.

Láti oṣù náà ni a ti dẹ́kun ríra epo náà. A yí ẹnu páìpù sí ibòmíràn, a sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà. Bátìrì àti páánẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré ni a fi ń tan iná Mísà ìrọ̀lẹ́ báyìí. Fáànù kò tó, a sì ń làágùn. Ní ti ọkùnrin náà, àwọn dókítà wa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà àyẹ̀wò tí a ń ṣe lẹ́yìn Mísà, wọ́n sì rí i pé ó ga, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ẹni ọdún 45. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yá a lówó láti bẹ̀rẹ̀ òwò mìíràn. A kò ní purọ́ fún yín pé ohun gbogbo ti dára. Owó tí ó ń rí báyìí kò tó ti àtijọ́, ìjọ ni ó sì bá a san owó ilé-ìwé ọmọ kan ní táàmù tí ó kọjá. Bí a bá ní kí ẹnìkan jù ohun tí ó ń jẹ sílẹ̀ nítorí gbogbo wa, gbogbo wa ni ó yẹ kí ó bá a gbé ẹrù náà.

Èyí bá ẹ̀kọ́ Ìjọ Mímọ́ mu. Pápà Francis, tí ó lọ sinmi ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, kọ ìwé Laudato Si' ní ọdún 2015 sí gbogbo ènìyàn nípa ìtọ́jú ayé, ilé tí gbogbo wa jọ ní. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an ni ó ti mẹ́nu kan afẹ́fẹ́ búburú. Kò fi mọ sórí èéfín ilé-iṣẹ́ nìkan; ó sọ̀rọ̀ nípa èéfín ìdáná pẹ̀lú, ó sì fi hàn pé àwọn tálákà ni ó ń jìyà rẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ìdáná náà. Ní Ìbàdàn, láàárín ọdún 2013 sí 2015, àwọn olùwádìí pín aláboyún 324 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún ìdajì wọn ní sítóòfù tí ń lo ethanol, tí kò ní èéfín púpọ̀. Ìdajì yòókù ń bá kẹrosíìnì àti igi lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, nǹkan bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ń lo kẹrosíìnì àti igi ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú àwọn tí ó ń lo ethanol, nǹkan bí 2 ni. Àwọn ìyá wa ni wọ̀nyẹn, ní ilẹ̀ wa níbẹ̀. Iná ìdáná lásán ni a pààrọ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Ìkínní, jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ilé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí lábẹ́ fèrèsé, ìbáà ṣe tiwa tàbí ti ẹlòmíràn. Yàtọ̀ sí eruku, ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tí ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Odidi ìdílé ti sùn nítorí rẹ̀ tí wọn kò jí mọ́.

Ìkejì, ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a, kí ó fi gáàsì dáná. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá tíì ká a, kí ó gbé ààrò jáde sí gbangba, kí ó lo igi gbígbẹ, kí ó má sì pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí iná. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Ẹ ra gáàsì náà.

Ìkẹta, ẹ dẹ́kun sísun ọ̀rá, táyà àti ilẹ̀. Ìkẹrin, ní ọjọ́ tí súùtù bá pọ̀, ẹ fi omi nu ilẹ̀ dípò kí ẹ gbá a, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sáré púpọ̀ níta, kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lójú pópó sì lo ìbòmú N95, nítorí aṣọ ìbòmú lásán kì í dá eruku kéékèèké dúró. Ìkarùn-ún, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni a ń ṣe é lẹ́yìn Mísà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má ṣe dá a dúró nítorí pé ara ti yá.

Ẹnìkan nínú yín lè bi wá pé, "Fàdá, tùràrí ńkọ́?" Ìbéèrè náà tọ́. Tùràrí mímọ́ ni, ṣùgbọ́n èéfín náà ni. A kò ní fi í sílẹ̀, nítorí ó jẹ́ àmì àdúrà wa. Ṣùgbọ́n a ti ń ṣí gbogbo fèrèsé, a sì ti mú awo tùràrí jìnnà sí ibi tí ọmọ akọrin wa tí ó ní ikọ́ fée ń dúró.

Ìkẹfà, kí a má ṣe dákẹ́. Ọmọ àjò ni wá lóòótọ́, ẹlòmíràn nínú wa a sì máa sọ pé ọ̀rọ̀ ìlú kò kan àlejò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ojú bá imú. Àwọn onílé àti àlejò, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń mí. Níbi tí àwọn ará ìlú bá ti ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí wọ́n máa wọn afẹ́fẹ́ kí wọ́n sì máa kéde rẹ̀, kí wọ́n wá iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ kí epo igbó lè dópin, ẹ jẹ́ kí a bá wọn béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìfi ìjà ṣe.

Ìyá aláṣọ pẹpẹ wa ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún 70 báyìí. Ní gbogbo òwúrọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣì ń fi ìka kan pẹpẹ kí ó tó tẹ́ aṣọ, a ó sì na ìka náà sí wa láti fi hàn wá. Ní àwọn òwúrọ̀ kan, ìka náà mọ́. Ní àwọn òwúrọ̀ mìíràn, kò mọ́. A bẹ̀ yín, kí ẹ̀yin náà máa fi ìka kan ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ sì wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa, ìwọ tí o fi èémí rẹ sí wa nínú, dárí jì wá fún èéfín tí a fẹ́ sí ẹnìkejì wa. Wo àwọn tí ọkàn wọn ń rẹ̀ sàn. Dáàbò bo àwọn aláboyún àti ọmọ inú wọn. Fún àwọn tí ebi lé dé ìdí iṣẹ́ búburú ní iṣẹ́ rere, kí o sì fún àwa ní ọwọ́ tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Jẹ́ kí a gbó, jẹ́ kí a tọ́, kí àwọn ọmọ wa sì mí afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ ju èyí tí a bá lọ. Nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè bùkún fún yín, Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ó di ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, bí Olúwa bá fẹ́. Ẹ kú ọjọ́ Olúwa o.